Ta Ló Gbá Bọ́ọ̀lù Náà Wọlé?

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Godwin Odiye, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. Abẹ́ afárá ní Ìjọ́rà la ti ń gbá sẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Òkúta méjì níhìn-ín, sálúbàtà méjì lọ́hùn-ún, mọ́ńkípósítì dé nìyẹn. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi mí sí, torí ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, tí bọ́ọ̀lù kì í sì í ṣe ti bàbá rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni yóò wà. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo ní kí n gbá a dànù, ló bá ta mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó yí wọ ilé wa. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, bàbá fọkanáísà tó máa ń jókòó ti òkìtì táyà nítòsí ti lọgun: "Odiye! Odiye rèé o!"

Adìyẹ ni mo gbọ́. Mo rò pé Bàbá ń sọ pé mò ń ṣe játijàti bí adìyẹ tí òjò pa ni. Àwọn ọmọ àdúgbò náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó tó ọdún kan tí wọ́n fi ń kọ bí àkùkọ nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ mi.

Ìgbà tí mo wọ fásitì, tí mo wálé fún ìsinmi, ni mo tó lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè mí ní adìyẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Adìyẹ kẹ̀! Odiye ni mo pè ọ́. Odiye tí kò jẹ́ ká dé Ajẹntínà. Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé-ìwé ni?" Wọn ò kọ́ wa nílé-ìwé. Bàbá ló jókòó tì mí, tí wọ́n kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń dúró de táyà rẹ̀.

Ìtàn náà rèé, fún ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí yín nígbà náà, ìyẹn gbogbo wa. Ife Àgbáyé ọdún 1978 ń bọ̀ ní Ajẹntínà. Orílẹ̀-èdè 16 péré ló máa lọ, àyè kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Adúláwọ̀. Nígbà tí wọ́n jọ eré títí, ó ku orílẹ̀-èdè mẹ́ta: Nàìjíríà, Tùnísíà àti Íjíbítì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbalejò ẹnì kejì, ó sì máa lọ bá a nílé tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1977, a lọ sí Tùnísíà, a gbá ọ̀mì, 0-0. Ní oṣù Kẹwàá, a fi 4-0 na Íjíbítì ní Èkó. Lóṣù yẹn kan náà, àwọn náà fi 3-1 nà wá nílé wọn. Ó wá ku kí Tùnísíà wá bá wa ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá, ọdún 1977.

Ẹ má gbàgbé pé Green Eagles ìgbà yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Jelisavčić ará Yugosláfíà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Father Tiko, ni kóòṣì wọn. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níwájú. Emmanuel Okala, òmìrán aṣọ́lé, wà láàárín igi méjèèjì. Godwin Odiye wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Bàbá sọ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn, àwọn ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn ò rówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà kan ní Ìjọ́rà Olóyè ni wọ́n ti gbọ́ eré náà lórí rédíò, èèyàn bí ogójì ló sì rọ̀gbà yí rédíò kan ṣoṣo ká.

Ní ìdajì kejì, bọ́ọ̀lù kan wọlé wá síwájú ilé wa. Odiye fò sókè kí ó fi orí kàn án dànù. Bọ́ọ̀lù kò lọ síbi tó rán an. Ó kọjá Okala, ó wọnú àwọ̀n wa. 1-0. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré ṣe parí. Tùnísíà lọ sí Ajẹntínà, wọ́n fi 3-1 na Mẹ́síkò níbẹ̀, ó sì di ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Adúláwọ̀ kankan máa borí nínú eré Ife Àgbáyé. Ní tiwa, ó di ọdún 1994 ká tó dé Ife Àgbáyé rárá. Bàbá ní, "Orí ọkùnrin kan ló fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣòfò fún wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Ṣé òótọ́ ni pé orí ènìyàn kan lè fi ọdún mẹ́rìndínlógún odindi orílẹ̀-èdè ṣòfò? Bí ìbàjẹ́ bá ṣẹlẹ̀, ṣé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan náà kẹ́yìn ló ni ẹ̀bi rẹ̀?

Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Àmì 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí láyé ìgbà yẹn, àmì 1 fún ọ̀mì. Nígbà tí gbogbo eré parí, Tùnísíà ní 5, Íjíbítì ní 4, àwa ní 3. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká pa góòlù Odiye rẹ́, ká sọ pé ọ̀mì la gbá lọ́jọ́ náà, ká sì fi àwọn eré yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Tùnísíà á ní 4, Íjíbítì á ní 4, àwa náà á ní 4. Ká wá lọ wo góòlù. Tùnísíà á ti gbá 6 wọlé, 4 á ti wọlé wọn. Àwa á ti gbá 5 wọlé, 3 á ti wọlé wa. Ìyàtọ̀ méjì méjì, ọgbọọgba. Tí ẹ bá wá ní kí a ka èyí tí kálukú gbá wọlé, Tùnísíà ló fi ẹyọ kan jù wá lọ.

Mo mọ̀ pé ayé kì í ṣe ìṣirò. Bí a bá gbá ọ̀mì lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí eré tó kù láàárín Tùnísíà àti Íjíbítì gba ọ̀nà mìíràn. N kò sọ pé a ì bá lọ, n kò sì sọ pé a ì bá má lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀mì nìkan kò tó láti gbé wa dé Ajẹntínà láìsí àní-àní. A nílò kí ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Tùnísíà. Ìṣẹ́jú 180 la fi bá wọn ṣeré, níbẹ̀ àti níhìn-ín, kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tó gbá góòlù sínú ilé wọn. Góòlù mẹ́ta sì ti wọlé wa ní Íjíbítì kí Odiye tó fò sókè ní Sùúrùlérè. Ta ló rántí orúkọ ẹni tó ṣàṣìṣe níbẹ̀? Ta ló mọ orúkọ ẹni tí bọ́ọ̀lù bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níwájú ilé Tùnísíà? Kò sí. A sọ fún wọn pé "kò bọ́ sí i" ni. Ẹni tó wà níwájú tí kò gbá a wọlé, oríire ló fò ó. Ẹni tó wà lẹ́yìn tó gbá a wọlé, òun ló ba ayé jẹ́.

Ibi tí ìṣòro náà wà gan-an nìyẹn, kò sì mọ sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Àwọn iṣẹ́ kan wà láyé tó jẹ́ pé bí o bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa rí i. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí Odiye ti kàn dànù kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, nítorí ibi tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní orúkọ. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò kò lè ka iye olè tí kò wá. Ẹni tó ń fọ abọ́ nìkan ló lè fọ́ abọ́. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀ tó ń wo fíìmù kò lè fọ́ ọ láéláé, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ pariwo pé, "Ta nìyẹn?" Ẹni tó bá gbà láti dúró síbi tí ewu wà, ó ti gbà láti dúró síbi tí ẹ̀bi wà nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í sì í gbà láti dúró síbẹ̀.

Àwọn baba wa rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú kíláàsì òwe ni mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, n kò sì ronú lé e: orí yẹ̀yẹ́ ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mògún ni ojúbọ Ògún tí wọ́n ti ń bẹ́ orí ọ̀daràn láyé àtijọ́. Òwe náà kò sọ pé kò sí ọ̀daràn níbẹ̀ o. Ohun tó ń sọ ni pé bí èèyàn bá ka àwọn orí tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí kò ṣẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹni tó pa òwe yẹn ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń dájọ́, ó sì ti rí i bí ìlú ṣe máa ń wá orí kan nígbà tí inú bá ń bí i.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí họ́sítẹ́lì. Rúùmétì mi kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ injinníà gbá a padà sí mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin akéwì yìí, ẹ ti tún dé. Tí afárá bá wó, ṣé a máa sọ pé gbogbo wa la kọ́ ọ ni? Tí dókítà bá gbàgbé síṣọ́ọ̀sì sínú èèyàn, ṣé ẹ̀bi gbogbo ọsibítù ni? Tí ẹ bá pín ẹ̀bi kárí, kò ní kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ibi tí ilẹ̀ wa ti bàjẹ́ nìyẹn, ọ̀gá kan ò jẹ̀bi rí."

Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí mo bá a dé ni pé ohun méjì la dà pọ̀. Ìjíhìn lọ́tọ̀, ẹ̀bi lọ́tọ̀. Odiye jẹ wá ní ìjíhìn: ó yẹ kó lè sọ pé, "Èmi ni mo kàn án, mi ò kàn án dáadáa." Ẹni tó kọ́ afárá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ di ẹ̀bi rù èèyàn, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa. Ìkíní: ṣé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, àbí ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un? Ìkejì: àwọn wo ló ti ṣe ohun tó gbé e dé ibi tó ti ṣubú? Ìkẹta: kí ni èmi tí mò ń dájọ́ yìí ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà? Ẹni tó kọ́ afárá tó jí sìmẹ́ńtì gbé, ìkíní ti mú un. Ẹni tó fò sókè láti gba ilé rẹ̀ là tí bọ́ọ̀lù yẹ̀ lórí rẹ̀, ìkíní kò mú un rárá. Àṣìṣe ni tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èdè Yorùbá fún wa ní ọ̀rọ̀ méjì kí a má baà da méjèèjì pọ̀ ni, ìbínú ló máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan.

Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ wo ibi tó máa ń já sí. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà, ọdún 1994, nínú Ife Àgbáyé tí àwa náà kọ́kọ́ lọ yẹn, Andrés Escobar, dífẹ́ńdà Kòlóńbíà, na ẹsẹ̀ láti dí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù wọ ilé tirẹ̀. Kòlóńbíà pàdánù, wọ́n padà sílé. Lọ́jọ́ kejì oṣù Keje, wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín, ìlú tí wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ọ̀gbẹ́ni kan ló fa ìbọn náà, àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè, èèyàn mélòó ló ti ń fi ẹnu pa á láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn?

Mo wá padà sọ́dọ̀ Bàbá Fọkanáísà pẹ̀lú ìwé ìṣirò mi. Mo kà á fún wọn: 4, 4, 4. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, wọn ò já ọ̀rọ̀ gbà mí lẹ́nu. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìṣirò rẹ dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, a dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn bí ẹni tí òkú sùn sílé rẹ̀. Nǹkan ń dùn wá. Ta lo fẹ́ ká bínú sí? Tùnísíà tí a ò mọ̀? Orúkọ Odiye ló súnmọ́ wa jù."

Mi ò rí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Bàbá ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yanjú ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan wá. Ìrora máa ń wá orúkọ tí yóò so ara rẹ̀ mọ́. Tí kò bá rí èyí tó tọ́, èyí tó súnmọ́ ọn jù ló máa mú. Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, tí mo ń gba iwájú àwọn kóòdrúùmù kọjá, tí òórùn ẹja kún afẹ́fẹ́, ni mo rántí orúkọ tí ó súnmọ́ ilé tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n wí i tán, torí mo ti sọ pé ìbéèrè kẹta ni kí èèyàn bi ara rẹ̀ ohun tí òun ń ṣe lọ́wọ́.

Òkú Èkó ni Màámi ń tà, ìyẹn ẹja inú yìnyín. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n kó owó àjọ wọn, wọ́n tún yá owó kún un, wọ́n ra ẹja ọdún sílẹ̀: Títù, Kòtè, Ṣáwá, páálì bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fìrísà kún dẹ́nu. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè wọ́n fún ìsìnkú kan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa tan jẹ́ńẹ́rétọ̀ lálaalẹ́, torí iná ò tíì wá láti ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ń retí àbájáde ìdánwò fásitì nígbà náà. Wọ́n tan án lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, jẹ́ńẹ́rétọ̀ kú láàárín òru, wọn ò gbọ́, wọ́n ti sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pe Dádì níbi tí wọ́n ń wa ọkọ̀ tírélà ní Àpápá, Dádì ní kí a ní sùúrù di alẹ́. Kí alẹ́ tó lẹ́, omi pupa ti ń jáde lábẹ́ fìrísà.

Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn kan ló wà nílé wa: "Ẹ̀gbọ́n ló pa ọjà Màámi." Nígbà tí àbájáde dé, tí wọ́n rí àyè ní fásitì, kò sówó. Wọ́n ní ẹni tó jó owó náà nínú fìrísà ló mọ ibi tí yóò ti rí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ṣẹ́ wíńdò alumíníọ̀mù ní Ìbàdàn, wọ́n sì wà níbẹ̀ di òní. Bí wọ́n bá wálé lọ́dún, tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí omi tàbí lórí rìmóòtù, ẹja ni ìjà náà máa parí sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiwa náà. Rọ́bà ẹnu fìrísà ti ya láti oṣù mẹ́ta, Dádì ní àwọn máa tún un ṣe. Màámi kó gbogbo owó wọn lé ẹja lọ́dún tí iná ò dúró. Ẹni tí wọ́n pè nípè pàjáwìrì ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó sì ku ẹnì kan. Lọ́jọ́ kejì yẹn, ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní owó epo lítà mẹ́wàá. Márùn-ún ni mo rà. Mo fi owó tó kù wo bọ́ọ̀lù ní fíwìn sẹ́ńtà, mo sì fi ìyókù ra bọ́ọ̀tù òkìríkà. Èmi náà ni mo da epo sínú jẹ́ńẹ́rétọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ṣé ó kún?" Mo ní, "Ó kún."

Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Owó tí Màámi fi rántí bẹ̀rẹ̀ ọjà padà, tí wọ́n tọ́jú díẹ̀díẹ̀, òun ni wọ́n fi rán mi wá síbi tí mo ti ń kọ òwe nípa Mògún sínú ìwé. Mo jókòó sórí àga tó yẹ kí ẹlòmíràn ti jókòó lé.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo máa ń rò pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àgbà ń wá ohun tó gbé òun ṣubú. Mo ti wá rí i pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn dáadáa lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi í wò ó. Ó rọrùn láti dúró níwájú ká máa pariwo "Odiye", nítorí bí a bá wẹ̀yìn, a lè rí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn ará Tùnísíà, ká sì rí i pé àwa ni.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ ti gba ìtura. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta 1980, ní pápá Sùúrùlérè kan náà, a fi 3-0 na Àlùjíríà, a gba Ife Ilẹ̀ Adúláwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Christian Chukwu, dífẹ́ńdà, ni kápútìnnì. Ní 1994, a tún gbà á, ní ìlú Tunis, olú-ìlú àwọn tó nà wá ní 1977. Stephen Keshi, dífẹ́ńdà míì, tó ka ìwé ní St. Finbarr's ní Àkọkà níbí, ni kápútìnnì ẹgbẹ́ yẹn. Ọgbẹ́ ìlú ti san. Àmọ́ ní abẹ́ afárá Ìjọ́rà, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé ara rẹ̀, orúkọ ọkùnrin kan ṣì ń jáde. Ìlú a máa sàn kíákíá ju ẹni tí ìlú fi ṣe àwáwí lọ.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ tó kọjá. Mo sọ gbogbo rẹ̀: lítà márùn-ún, bọ́ọ̀tù, "ó kún". Wọ́n dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mo retí kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o ti sọ fún Màámi?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Òun ni kó o lọ sọ fún."

Mo lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú. Màámi ń fi ọ̀bẹ la páálì Títù, wọn ò gbójú sókè títí mo fi parí ọ̀rọ̀. Wọ́n pa ọ̀bẹ náà tì. Wọ́n nu ọwọ́ wọn lára ìró fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé òórùn náà lè lọ. Wọn ò bínú sí mi, ó sì wù mí kí wọ́n bínú. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Bá mi pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ."